Awùsá Kì í Ṣe Walnut: Orúkọ Ara Ọ̀rá Kọ́ Ni Orúkọ Ewé

Bí àkọsílẹ̀ ohun èlò bá ti ilé dé ọ̀dọ̀ olórìṣà kan ní Lọ́ńdọ̀n, ní Houston tàbí ní Toronto, tí "awùsá" sì wà nínú ohun tí wọ́n ní kó wá, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù. Èsì tó ń jáde ni "walnut". Kí ilẹ̀ tó ṣú, walnut ti dé láti ilé ìtajà ńlá tó wà nítòsí: èso tí wọ́n ti pa, tí wọ́n ti là sí méjì, tó hunjọ bí ọpọlọ. Wọ́n á gún un mọ́ ewé, wọ́n á pe ọfọ̀ lé e lórí, wọ́n á sì máa retí kí iṣẹ́ náà jẹ́. Bí kò bá jẹ́, ẹni tó fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé ni wọ́n á dá lẹ́bi, tàbí kí wọ́n sọ pé Òrìṣà kò dá àwọn lóhùn.

Òrìṣà kò jẹ̀bi, ẹni tó kọ̀wé láti ilé náà kò jẹ̀bi. Awùsá kì í ṣe walnut. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹbí, wọn kò jọ gbé inú igbó kan náà rí, ìwà wọn kò sì jọra. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá fi èyí rọ́pò èyí nítorí ohun tí ìwé atúmọ̀ èdè sọ, ìwé atúmọ̀ èdè ló ń bọ, kì í ṣe ewé. Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti awùsá nìkan lọ, nítorí pé bí ẹ̀sìn tó dúró lórí ewé bá jẹ́ kí ilé ìtajà máa sọ ewé lórúkọ fún òun, díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ̀ tí àwọn àgbà kó jọ yóò fi bọ́ mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Awùsá nílé tirẹ̀

Awùsá, tí àwọn mìíràn ń pè ní àsálà, kì í tilẹ̀ ṣe igi. Ìtàkùn ni. Ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa ni ilé rẹ̀, ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, láti ìhà Tógò gba Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lọ dé Kóńgò. Nílẹ̀ Yorùbá, ara igi obì àti igi kòkó ni àgbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kó gùn, nítorí kò lè dá dúró. Ó nílò igi tí yóò gbé e dé ibi tí oòrùn wà, bó bá sì ti rí irú igi bẹ́ẹ̀, ó lè ga ju òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Àwọn onímọ̀ ewéko kà á mọ́ ìdílé Euphorbiaceae, ìdílé tí ẹ̀gẹ́, làpálàpá àti igi rọ́bà wà. Plukenetia conophora ni wọ́n ń pè é báyìí. Nínú àwọn ìwé tó ti pẹ́ díẹ̀, Tetracarpidium conophorum ni wọ́n kọ. Orúkọ àtijọ́ yẹn bá a mu, nítorí "tetra" ni ẹẹ́rin lédè Gíríìkì, èso awùsá sì sábà máa ń pín sí ìhà mẹ́rin, pẹ̀lú kóró kan nínú ìhà kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó dàgbà sí Òǹdó, Ifẹ̀, Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú kò nílò onímọ̀ ewéko kó tó dá a mọ̀. Nígbà òjò, tí àgbàdo tuntun bá ń jáde, awùsá sísè náà á wà lórí àtẹ lẹ́bàá títì. Wọ́n á fi eyín tàbí òkúta fọ́ èèpo rẹ̀ tó dúdú, ohun funfun á sì yọ sínú. Tútù rẹ̀ korò, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé sísè ni wọ́n ń sè é. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá jẹ ẹ́ tán tó mu omi lé e, ẹnu á tún korò. Kò sí ọmọ Yorùbá tó jẹ awùsá rí tí kò mọ èyí. Ẹni tó bá ń ṣiyè méjì nípa ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó jẹ ẹ́, kó mu omi, omi á jẹ́rìí.

Oríṣiríṣi ni iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe. Àwọn àgbà ń lo ewé rẹ̀ fún òsúkè tó bá kọ̀ tí kò dá. Wọ́n ń lo kóró rẹ̀ fún ọkùnrin tó ń wá ọmọ. Epo pọ̀ nínú kóró náà, ó sì ń fún ara lókun, nítorí náà oúnjẹ àti oògùn ni lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú oko Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀ tún wà. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, bí ẹnìkan bá bọ́ lọ́wọ́ ewu, wọ́n á ní ó sá àsálà. Etí tó bá gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ "sá" àti "là" nínú orúkọ èso yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Irú ìgbọ́ràn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré fún onísègùn. Pierre Fatumbi Verger, tó kó ọ̀pọ̀ oògùn àwọn babaláwo jọ sínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Ewé, èyí tó jáde ní Brazil ní ọdún 1995, fi hàn pé ohùn tó wà nínú orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí ọfọ̀ ń lò sábà máa ń fara kọ́ra. Bí onísègùn bá pe ewé, iṣẹ́ tó ń rán an ti wà lára orúkọ tó pè. Kí ni ọfọ̀ fẹ́ rí gbá mú lára "walnut"? Ohun tí wọ́n pè kò sí níbẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pè é.

Walnut nílé tirẹ̀

Igi gidi ni walnut, ó sì ní ìlú tirẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà àgbáyé ni Juglans regia. Orí àwọn òkè Àárín Gbùngbùn Éṣíà wà lára ibi tó ti ń hù fúnra rẹ̀, títí di òní ni igbó walnut ńlá kan sì wà ní Arslanbob lórílẹ̀-èdè Kyrgyzstan. Igi ilẹ̀ olótùútù ni: ewé rẹ̀ ń wọ́ tán bí òtútù bá dé, ó sì nílò ìsinmi yẹn kó tó lè so dáadáa. Ènìyàn ló gbé e káàkiri Yúróòpù. Ènìyàn náà ló sì gbé e dé California, níbi tí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo walnut irú yìí tí àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà ń tà ti ń wá lónìí.

Amẹ́ríkà sì ní walnut tirẹ̀, walnut dúdú, Juglans nigra. Ó ń hù láti gúúsù Ontario ní Kánádà wá sí ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ó dé àríwá Florida, ó sì dé Texas. Ilẹ̀ ọlọ́ràá tó wà nítòsí odò ló fẹ́ràn jù, ó sì lè ga tó ọgbọ̀n mítà. Èèpo tútù tó bo èso rẹ̀ ní aró nínú. Ẹni tó bá fọwọ́ bó o láìwọ ìbọ̀wọ́, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dúdú. Àwọn Cherokee, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ń fi aró yìí pa ọ̀pá tí wọ́n fi ń hun apẹ̀rẹ̀ láró. Wọ́n tún ń da èèpo gígún sínú odò kí ẹja lè léfòó fún wọn láti kó.

Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ yẹn náà mọ igi yìí. Láàárín ọdún 1936 sí 1938, ìjọba Amẹ́ríkà rán àwọn akọ̀wé lọ bá àwọn arúgbó tó ti ṣẹrú rí, kí wọ́n kọ ẹ̀rí wọn sílẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rí náà, léraléra ni wọ́n ń mẹ́nu kan walnut tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ kó lè ní àwọ̀ ilẹ̀. Ohun tí wọ́n rí lára igi náà ni wọ́n lò ó fún. Ìmọ̀ gidi lèyí, láti ọwọ́ àwọn baba ńlá gan-an, kò sì sí ìdí kankan láti fi orúkọ awùsá bò ó mọ́lẹ̀.

Walnut dúdú tún ní ìwà kan tó yẹ kí olórìṣà mọ̀. Oró kan tí wọ́n ń pè ní juglone wà nínú gbòǹgbò rẹ̀, nínú ewé rẹ̀ àti nínú èèpo èso rẹ̀. Tòmátò, pòtétò àti igi ápù kì í ṣe dáadáa nítòsí rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ ìfági rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹṣin láti dùbúlẹ̀ lé, ẹsẹ̀ ẹṣin náà lè wú, kó má lè rìn mọ́. Kí ẹni tó mọ ohun tí ìwà jẹ́ nínú Ifá wá fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Awùsá ń fara mọ́ igi mìíràn kó tó rí oòrùn, obì gan-an ni aládùúgbò rẹ̀. Walnut dúdú ń lé aládùúgbò jìnnà kí ilẹ̀ lè tó o. Ta ló máa gbé irú igi bẹ́ẹ̀ sínú iṣẹ́ ìfẹ́ tàbí iṣẹ́ ìrẹ́pọ̀ láìkọ́kọ́ béèrè?

Cuba náà ní tirẹ̀. Walnut kan wà ní àwọn erékùṣù Caribbean, tó ń hù ní Cuba, ní erékùṣù tí Haiti àti Dominican Republic jọ ni, àti ní Puerto Rico. Juglans jamaicensis ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi Jamaica. Àṣìṣe ló wọ orúkọ rẹ̀, àṣìṣe náà kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Igi náà ti ṣọ̀wọ́n débi pé ní ọdún 1997 ni ìjọba Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ìparun. Àpẹẹrẹ tó dára nìyẹn fún ẹni tó bá rò pé orúkọ tí wọ́n bá ti kọ sínú ìwé kò lè ṣì.

Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe so wọ́n pọ̀

Ọ̀rọ̀ "walnut" fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "wealh" ni àjèjì, ọ̀rọ̀ yẹn náà ló sì bí orúkọ Wales. Nítorí náà, "èso àwọn àjèjì" ni walnut túmọ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ mọ̀ pé kì í ṣe ti àwọn, wọ́n sì wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó wá dé Áfíríkà, tí wọ́n rí kóró tí èèpo rẹ̀ le, tí ohun jíjẹ wà nínú rẹ̀, wọ́n fi orúkọ tí wọ́n ti mọ̀ pè é, wọ́n fi "African" ṣáájú rẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Àwọn agégẹdú tún fi "African walnut" pe igi ńlá kan, Lovoa trichilioides, tó jẹ́ ìdílé ọ̀gánwó, nítorí pé àwọ̀ pákó rẹ̀ jọ ti walnut. Ohun mẹ́ta tí kò bára tan, orúkọ kan. Ẹni tó bá béèrè "African walnut" lọ́wọ́ oníṣòwò láìsọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba kóró, ó sì lè gba pákó.

Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ènìyàn ṣe ń sọ ohun tuntun lórúkọ nìyẹn níbi gbogbo. Yorùbá náà ní ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ òwe yìí tó wá lọ sin òkú ènìyàn sínú èèpo ẹ̀pà. Ìjọra wà fún ọ̀rọ̀ sísọ. Ètùtù, oògùn àti ẹbọ ń béèrè ohun náà gan-an.

Ìdẹwò kan tún wà tó ga ju ti ìwé atúmọ̀ èdè lọ. Orúkọ Látìn náà, Juglans, ti inú ọ̀rọ̀ kan wá tó túmọ̀ sí èso Júpítà, òrìṣà àwọn ará Róòmù tó ń sán àrá. Kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi rí èyí kà, tí yóò sì sọ pé bó bá jẹ́ ti Júpítà, a jẹ́ pé ti Ṣàngó ni. Ọ̀nà yẹn rọrùn, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni igi ṣe ń di ti Òrìṣà. Ohun tí àwọn ará Róòmù fún òrìṣà wọn, tiwọn ni. Ṣàngó kò rán ẹnikẹ́ni lọ sí Róòmù láti lọ bá a gba orógbó wá.

"Ṣé àwọn àgbà kò pààrọ̀ ni?"

Ìbéèrè tó lágbára jù tí wọ́n máa ń béèrè nìyí, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè rẹ̀. Àwọn àgbà pààrọ̀ o. Ní Cuba, níbi tí obì kò ti rọrùn láti rí, àgbọn ló bọ́ sí ipò rẹ̀ nínú ìbéèrè, wọ́n sì ń pe àgbọn náà ní obì títí di òní. Igi ìrókò ti ilé kì í hù nínú igbó Cuba. Lára ceiba, èyí tó jẹ́ àràbà, ni wọ́n ti ń bọ Ìrókò níbẹ̀. Ní Brazil, gameleira, tó jẹ́ ẹbí ọ̀dán àti ọ̀pọ̀tọ́, ni wọ́n dì lọ́já funfun fún un. Láìsí ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ̀sìn yìí ì bá ti kú sínú ọkọ̀ ojú omi.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn wo bí wọ́n ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ìwé atúmọ̀ èdè tó sọ pé gameleira ni ìrókò. Orúkọ méjèèjì kò jọra lédè kankan. Igi ni wọ́n wò. Ẹni tó bá dúró níwájú ceiba àgbà kan, tó rí bí ìdí rẹ̀ ṣe fẹ̀ àti bí orí rẹ̀ ṣe borí igbó, yóò mọ ìdí tí ọlá ìrókò fi lè gbà á. Àgbọn náà, wọ́n mọ̀ pé àgbọn ni. Orí ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n mọ̀, tí wọ́n sì bi Òrìṣà léèrè ni àṣà náà dúró lé, ilé kan sì gbà á lọ́wọ́ ilé kejì títí ó fi di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn mọ́. Ní Brazil, níbi tí obì gidi ti ṣì ń dé, obì náà ni wọ́n ń lò, wọn kò sì torí pé àgbọn pọ̀ létí òkun Bahia kí wọ́n gbà á dípò.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tó yẹ kí ojú ti ẹni òde òní díẹ̀. Àwọn àgbà yẹn pààrọ̀ nítorí pé òkun dí wọn lọ́nà ilé, ẹrú sì ni wọ́n. Lónìí, fóònù wà, ọkọ̀ òfuurufú wà, àwọn ọjà tí ọmọ Áfíríkà pọ̀ sí wà ní Lọ́ńdọ̀n, ní New York àti ní Houston. Ẹni tó bá pààrọ̀ awùsá lónìí láìbéèrè, òkun kọ́ ló dí i lọ́nà. Ilé ìtajà ló sún mọ́ ilé rẹ̀ jù.

Òrìṣà mọ ọkàn, oró kò mọ̀ ọ́n

Àwọn mìíràn á ní kí ni gbogbo wàhálà yìí, Òrìṣà mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni, Òrìṣà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kóró tí ènìyàn gbé mì kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀rí èyí wà ní Brazil. "Noz" ni wọ́n ń pe walnut níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò wá ń ta kóró kan tí wọ́n ń pè ní "noz da Índia" fún àwọn tó fẹ́ fọn. Kóró yẹn kì í ṣe walnut, kò sì jẹ́ ti India nìkan: Aleurites moluccanus ni. Kóró igi mìíràn, Thevetia peruviana, tó jọ ọ́, tún ń wọ inú ọjà lábẹ́ orúkọ kan náà. Igi olódòdó aláwọ̀ ìyeyè yìí ní oró tó ń kọlu ọkàn, ó sì ń pani. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Anvisa, àjọ ìjọba Brazil tó ń bójú tó oògùn àti oúnjẹ, fòfin de méjèèjì. Kò tán síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú pé wọ́n yẹ àwọn ọjà kan tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò, títí kan èyí tí wọ́n ń pè ní "Nuez de la India", wọ́n sì bá Thevetia nínú wọn. Àwọn tó rà á fẹ́ ara líle. Ọkàn wọn mọ́. Orúkọ tó wà lára ọ̀rá ni wọ́n gbà gbọ́.

Walnut tó jẹ́ walnut lóòótọ́ pàápàá ń fẹ́ ìṣọ́ra. Àwọn ènìyàn wà tí ara wọn kò gbà á. Ọ̀fun wọn lè wú, èémí wọn sì lè dí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin Britain àti ti Amẹ́ríkà fi ní kí ẹni tó ń ta oúnjẹ tó ní walnut kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Ìyálórìṣà tó bá gún un mọ́ àsèjẹ, tó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé awùsá ni, ti gba ìkìlọ̀ yẹn kúrò lọ́wọ́ ọmọ náà. Ọmọ tó mọ̀ pé walnut ń bá òun jà lè má mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbé fún òun nìyẹn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fẹ́ sùúrù. Ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀: kó kọ orúkọ Yorùbá náà pẹ̀lú àmì ohùn, kó fi orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń lò ti í, kó sì ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Ewé kan lè ní orúkọ mẹ́ta láàárín Ìjẹ̀bú àti Èkìtì, orúkọ kan sì lè jẹ́ ti ewé méjì. Bí ilé bá ń ṣì í mú, mélòó mélòó ni ẹni tó wà ní Manchester?

Ẹni tó bá fẹ́ awùsá, kó wá awùsá. Nígbà mìíràn, ó ń dé ọjà àwọn ọmọ Áfíríkà. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló ń gbé e bọ̀ láti ilé, kó má fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Amẹ́ríkà fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá wọlé sọ irúgbìn àti èso tó wà nínú ẹrù rẹ̀, ẹni tó bá sọ òtítọ́ kì í sì í san owó ìtanràn bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí kò bá sí awùsá rárá, ìbéèrè ló kàn. Babaláwo tàbí ìyálórìṣà tó fún ènìyàn ní iṣẹ́ ló lè sọ ohun tó lè bọ́ sí ipò rẹ̀, ẹni yẹn náà kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láti inú orí ara rẹ̀ nìkan. Obì wà, ọ̀pẹ̀lẹ̀ wà, ẹ̀ẹ́rìndínlógún wà. Ó lè jẹ́ ewé mìíràn ni Òrìṣà fẹ́. Ó lè jẹ́ omi tútù ló máa gbà. Ó sì lè ní kí wọ́n dúró di ìgbà òjò. Ìdáhùn yòówù kó jẹ́, ó ti ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ wá.

Walnut ńkọ́? Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kórìíra rẹ̀. Igi ilẹ̀ tí àwọn olórìṣà wá ń gbé ni, àwọn kan tilẹ̀ ní in nínú ọgbà wọn. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n: kí wọ́n mọ ìgbà tó ń rúwé, ẹyẹ tó ń bà á, ohun tó ń kú sábẹ́ rẹ̀ àti ohun tí kì í kú. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ tó ti mọ̀ ọ́n fún ọ̀pọ̀ ìran. Kí wọ́n rántí aró tí àwọn ẹrú fi rẹ aṣọ. Lẹ́yìn náà, bí Òrìṣà bá gbà á fún iṣẹ́ kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé èyí ni ohun tí ilé wa ní Maryland tàbí ní Ontario rí gbà, pé kì í ṣe ohun tó ti Ifẹ̀ wá. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ẹ̀sìn di onílé ní ìlú àjèjì. Walnut tí wọ́n bá fi pe awùsá, àlejò lásán ló ń jẹ́ nínú ilé méjèèjì.

Kò sí ewé, kò sí Òrìṣà. Gbogbo olórìṣà ló mọ ọ̀rọ̀ yìí, láti Òṣogbo dé Salvador. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi kún un ni pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ewé náà ní ilé, ó ní ẹbí, ó sì ní orúkọ tó ń jẹ́. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀, yóò dáhùn.

Ewé á jẹ́ o.